Iná òpó tó ń tàn tó ń kú: ṣé gílóòbù ló gbó ni, àbí ṣóòkù?

Oníbèérè_Ọgbà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá oníná. Òpó mẹ́fà ló wà nínú ọgbà ilé ìjọsìn kan, sódíọ̀mù 250W ni gbogbo wọn, iná yẹ́lò tí ẹ máa ń rí ní títì. Méjì nínú wọn á tàn dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á kú lójijì, wọ́n á ṣókùnkùn fún bí ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Títí ilẹ̀ á fi mọ́ nìyẹn. Oníná kan ní ṣóòkù ni (irin tí wọ́n fi wáyà yí, tó ń dá kọ́rẹ́ńtì gílóòbù dúró kó má pọ̀ jù), èkejì ní gílóòbù, ẹ̀kẹta ní fótósẹ́ẹ̀lì (ojú tó ń tan iná tí ilẹ̀ bá ṣú, tó ń pa á tí ilẹ̀ bá mọ́). Iná funfun kan tún wà níwájú gbọ̀ngàn, metal halide 400W. Òun kì í kú, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò sì mọ́lẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Kí ni ká kọ́kọ́ rà?

Ọ̀gá_Òpó
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Gílóòbù sódíọ̀mù tó bá mọ́lẹ̀ tán kó tó kú, tó sinmi ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, tó tún tàn, ogbó ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń kú nìyẹn. Kò ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa já lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti gílóòbù ilé àtijọ́.

Ẹ wo inú rẹ̀. Túùbù funfun kékeré tó wà láàrin, sẹ́rámíìkì ni. Sódíọ̀mù àti mẹ́kúrì tí wọ́n pò pọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gáàsì xenon tó ń jẹ́ kó tètè tàn. Orí tọ́ńsítìnì (irin tungsten) wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, àárín orí méjèèjì yìí ni áàkì, ìyẹn iná gan-an, ti ń fò. Tí gílóòbù bá ṣì tuntun, nǹkan bíi fólítì 100 ló máa ń wà lórí 250W tàbí 400W. Ìyókù nínú fólítì 230 tí NEPA gbé wá, ọwọ́ ṣóòkù ló wà.

Bó ṣe ń pẹ́, tọ́ńsítìnì àti oògùn tí wọ́n fi pa á lára ń tú díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìpẹ̀kun túùbù, ibẹ̀ ń dúdú. Ibi tó dúdú kì í jẹ́ kí ooru jáde, nítorí náà ibi tí àpòpọ̀ sódíọ̀mù àti mẹ́kúrì sùn sí ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, púpọ̀ sí i nínú rẹ̀ ń di gáàsì. Sódíọ̀mù fúnra rẹ̀ tún ń dín kù, torí pé ó ń wọ ara túùbù lọ. Àwọn méjèèjì ló ń ti fólítì gílóòbù sókè. Ọjọ́ tí fólítì tó ń bèèrè bá ti ju èyí tí ṣóòkù lè fún un, áàkì á já. Tó bá tutù, gáàsì inú rẹ̀ á rọlẹ̀, ìgínáítọ̀, ìyẹn ohun tó ń ta fólítì ńlá sí i kó lè tàn, á tún ta á jí, ó tún gbóná, ó tún já.

Iye wákàtí tí wọ́n sábà máa ń kọ fún sódíọ̀mù jẹ́ 24,000. Òpó tó ń tàn wákàtí 12 lálẹ́ ń jẹ 4,380 lọ́dún, nítorí náà bí ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni. Ẹ má sì gba nọ́ńbà yẹn sí ìlérí: ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí 100 bá jọ bẹ̀rẹ̀, 50 ló ṣì ń tàn nígbà yẹn. Tí òpó mẹ́fà yín bá jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, mẹ́rin tó kù ń bọ̀ lọ́nà.

Arábìnrin_Wáyà
Òótọ́ lọ̀gá sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kí ẹ tó gun àkàbà lọ ra ohun tí kò bà jẹ́.

Tí iná bá ti kú, tí ó ṣì ṣókùnkùn, ẹ fi mítà wo ibi tí iná NEPA ti wọ ṣóòkù. Kì í ṣe ibi gílóòbù o. Tí fólítì bá wà níbẹ̀, fótósẹ́ẹ̀lì ò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, fótósẹ́ẹ̀lì ni tàbí ojú wáyà tó dẹ̀. Fótósẹ́ẹ̀lì tó dojú kọ iná tirẹ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: iná á mọ́lẹ̀, òun á rò pé ilẹ̀ ti mọ́, á pa á. Ẹ fi nylon dúdú bò ó lálẹ́ ọjọ́ kan. Tí iná ò bá kú mọ́, ẹ yí ojú rẹ̀ sí ibòmíràn, ó parí.

Ti ṣóòkù ńkọ́? Ṣóòkù tó ní kátáòtù ooru (ohun tó ń gé iná tó bá gbóná jù) nínú lè máa pa iná kó sì tún máa tan án, ṣùgbọ́n irin ńlá ni, kì í tutù ní ìṣẹ́jú méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbà. Nítorí náà iye àkókò tí òkùnkùn fi gùn ń sọ nǹkan fún yín. Èyí tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, gílóòbù ló ń sọ.

Ìdánwò tí kò gba kọ́bọ̀: ẹ pa iná láti orísun, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15 kó tutù, kí kapásítọ̀ (agolo kékeré inú àpótí tó ń di iná mú) náà sì tú ohun tó dì mú sílẹ̀ (ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án). Ẹ gbé gílóòbù òpó tó dára sínú èyí tí kò dára, kí ẹ gbé ti ibẹ̀ wá. Tí àìsàn bá tẹ̀lé gílóòbù, òun ni. Tí àìsàn bá jókòó sí òpó rẹ̀, ẹ padà wo ìgínáítọ̀, ṣóòkù, àti ojú wáyà.

Kí ẹ tó dá a padà, ẹ gbé gílóòbù náà sókè sí ojú ọjọ́. Ìpẹ̀kun túùbù tó dúdú kirikiri: ogbó. Tí inú gílááàsì òde bá ti ní àwọ̀ búráún tàbí tó ń dán bíi dígí, sódíọ̀mù ti ń jò jáde nínú túùbù. Tí ibi tó máa ń dán bí fàdákà ní ọrùn gílóòbù bá ti di funfun bí ẹfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, kò tún sí àtúnṣe.

Ọmọ_Wọ́kṣọ́ọ̀bù
Ẹ ṣé, mọ̀mọ́. Ṣé kí n kúkú fi mítà wo fólítì orí gílóòbù náà tààrà? Tí ó bá ti ju 100 lọ dáadáa, ṣebí ẹ̀rí ti dé nìyẹn.

Ọ̀gá_Òpó
Má dán an wò, ọmọ mi. Ìgínáítọ̀ 250W àti 400W ń ta fólítì 4,000 sí 5,000. Gílóòbù tó ń kú tó ń jí, kò sí ẹni tó mọ ìṣẹ́jú àáyá tí ó máa já, ìgbà tó bá já gan-an ni ìgínáítọ̀ máa ta. Mítà rẹ á lọ, ọwọ́ rẹ náà sì lè bá a lọ. Àwọn tó ń ṣe é máa ń lo mítà àti wáyà tí wọ́n ṣe fún irú fólítì bẹ́ẹ̀. Kíláàmpù tí a fi ń ka kọ́rẹ́ńtì láìtú wáyà ló bá ẹ mu. Gbé e sára wáyà tó ń lọ sí gílóòbù: 70W bí ámpù 1, 150W bí 1.8, 250W bí 3, 400W bí 4.5. Tí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lẹ́yìn tí iná ti mọ́lẹ̀ tán, ohun mìíràn ti wọ̀ ọ́.

Akọ́ṣẹ́_Ṣóòkù
Ohun mìíràn yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo yín dúró gbọ́, torí òun ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa sin ṣóòkù lẹ́yìn gílóòbù.

Orí méjèèjì inú túùbù kì í gbó lọ́gbọọgba. Tí ọ̀kan bá ti rẹ̀, kọ́rẹ́ńtì á máa kọjá dáadáa tó bá ń lọ síhìn-ín, tó bá fẹ́ padà á máa fà sẹ́yìn. Ohun tó yẹ kó máa lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ti wá fẹ́ di ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì. Irin inú ṣóòkù kò lè dá irú iná bẹ́ẹ̀ dúró. Á kún, agbára ìdènà rẹ̀ á lọ, kọ́rẹ́ńtì á fò di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Gílóòbù lè ṣì máa tàn o! Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ní iná ń ṣiṣẹ́, ṣóòkù sì ń yan lókè.

Àmì rẹ̀: iná ń gbọ̀n wìrìwìrì, ìpẹ̀kun kan túùbù mọ́lẹ̀ ju èkejì, ṣóòkù ń kùn ju ti àtẹ̀yìnwá, òórùn fáníìṣì ń jáde nínú àpótí. Tí kíláàmpù yín bá lè ka DC, ìyẹn iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ yí i síbẹ̀: gílóòbù tó dára kò yẹ kó ní DC tó ṣeé kà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ti tàn.

Ẹ tún wo ara ṣóòkù, ẹ máa rí "tw130" tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí wáyà inú rẹ̀ kò bá kọjá ìwọ̀n ooru 130°C, ọdún mẹ́wàá láìsinmi ló yẹ kó lò. Òfin àwọn oníṣẹ́ ni pé ìwọ̀n 10°C lé lórí ìyẹn á gé ọjọ́ ayé rẹ̀ sí ìdajì. Nítorí náà tí ẹ bá máa ra ṣóòkù, èyí tó ní kátáòtù ooru ni kí ẹ rà, kí òpó kọ̀ọ̀kan sì ní fíúsì tirẹ̀. Fíúsì kan fún òpó mẹ́fà kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni: ṣóòkù kan á ti jó tán kó tó mọ̀.

Ọ̀gá_Òpó
Ó sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìgínáítọ̀ kún un. Tí gílóòbù bá dára, ìgínáítọ̀ ń ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lálẹ́, ó tán. Èyí tó ń tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń kú fún méjì, ìṣẹ́jú 12 ni ìyípo kan, nínú wákàtí 12 ó ti di ìgbà 60. Tí gílóòbù bá wá kú pátápátá tí ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́, ìgínáítọ̀ tí kò ní aago á máa ta fólítì ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú hódà (ibi tí wọ́n ń yí gílóòbù sí) títí di àárọ̀. Bí inú hódà ṣe ń ní ipa dúdú nìyẹn, tí gílóòbù tuntun á fi máa ṣe ségesège níbẹ̀. Ìgínáítọ̀ tó ní aago wà lọ́jà: tí gílóòbù ò bá tàn láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, tàbí tó bá já léraléra, á dákẹ́ títí ẹ ó fi pa iná tí ẹ ó tún tan án. Owó rẹ̀ ga díẹ̀. Mo fara mọ́ ọn.

NEPA_àti_Jẹ́nẹ́
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ má di gbogbo ẹrù lé gílóòbù lórí. Fólítì wo ló ń dé orí òpó? Gílóòbù tó ti dàgbà díẹ̀, tó ń tàn mọ́jú lórí jẹnẹrétọ̀ 230, á máa já lórí NEPA tó ń gbé 185 wá, torí ṣóòkù ò ní ohun tó máa fi gbé e dúró. Tí ó bá jẹ́ NEPA nìkan ló ti ń já, ẹ ṣì lè lò ó fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ kàn mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni. Tí ó bá ń já lórí méjèèjì, ẹ yọ ọ́.

Ní ìdàkejì, fólítì tó ga jù ń pa á níyára. Àwọn ṣóòkù kan ní ojú 220, 230 àti 240. Ẹni tó bá so ojú 220 mọ́ iná tó ń gbé 245 ti ń fi ipá bọ́ gílóòbù lóúnjẹ lálaalẹ́.

Ẹ wo kapásítọ̀ náà. Iná á tàn bí kapásítọ̀ bá kú, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n 250W tí kapásítọ̀ 32 µF rẹ̀ ti kú ń fa ámpù 3 lórí wáyà, dípò bí 1.3. Òpó mẹ́fà: ámpù 18 dípò 8. Tí wáyà ilẹ̀ bá gùn tó sì tínrín, òpó tó wà ní ìparí ni kò ní rí fólítì gbà, òun ni yóò sì kọ́kọ́ máa já. Àwọn tó kù: 70W ń lo 12 µF, 150W ń lo 20, 400W ń lo 45 sí 50.

Àti ẹ̀yin tó ń ṣí ṣéènjíofà tí ẹ wá ń tẹ suíìṣì tan-pa-tan-pa torí iná ò padà: ẹ jókòó. Gílóòbù tó gbóná kò lè tàn. Sódíọ̀mù nílò ìṣẹ́jú kan sí méjì, metal halide mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo ìtanná sì ń bu tọ́ńsítìnì jẹ. Iye wákàtí tí wọ́n kọ sára páálí, wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún ìtànṣẹ́ kan ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀.

Ará_Houston
Ẹ nílẹ̀ o. Gbogbo yín ti dojú kọ iná yẹ́lò, èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni metal halide iwájú gbọ̀ngàn yẹn. Sódíọ̀mù tó gbó máa ń kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Metal halide lè bú.

Quartz ni wọ́n fi ṣe túùbù inú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ó ń gbóná dé nǹkan bí 900 sí 1,000°C, gáàsì inú rẹ̀ sì ń tì í láti inú. Bó bá ti pẹ́ nínú ooru yẹn, quartz á bẹ̀rẹ̀ sí í di funfun bí omi ìrẹsì, kò jẹ́ gílááàsì gidi mọ́, kò lágbára mọ́. Àwọn iyọ̀ inú rẹ̀ náà ń jẹ ẹ́. Sódíọ̀mù inú rẹ̀ ń jò gba ara quartz jáde, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi ń yí padà: àwọn kan á pọ́n, àwọn kan á dà bíi ewé. Àwọ̀ tó yí padà ni òkú rẹ̀ tó ń kọ lẹ́tà sí yín. Tí ẹ bá rí i pé àárín túùbù ti wú bí ikùn, ẹ má tan án mọ́ rárá.

Tí ó bá bú, èérún quartz tó pọ́n yòò lè fọ́ gílááàsì òde, kó sì rọ̀ sílẹ̀. Nítorí náà: fìtílà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní gílááàsì iwájú tó nípọn, tó pé, tí kò sán. Ẹ dákun, ẹ má yọ gílááàsì náà torí kí iná lè mọ́ dáadáa. Èyí tó bá ń tàn tọ̀sán-tòru, ẹ pa á fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí èyí tó ti rẹ̀ lè kọ̀ láti jí dípò kó bú lórí iṣẹ́. Ẹ má sì dúró dìgbà tó máa kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti lo bíi 70 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí tí wọ́n kọ fún un.

Ewu kejì: gílááàsì òde ló ń dá ìtànṣán UV dúró. Tí òde bá fọ́ tí inú ṣì ń tàn, ojú á máa ta èèyàn bí ẹni tó wo iná wẹ́dà, awọ á sì jó. Níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, èyí tó ní lẹ́tà T gbọ́dọ̀ kú fúnra rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú 15 tí òde bá fọ́; R kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà yẹn tí ẹ bá ń kó ẹrù láti ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ má sì kó ṣóòkù 60Hz ti ibí (iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan) wá sílé. Lórí 50Hz, agbára ìdènà rẹ̀ á dín ní ìdá kan nínú mẹ́fà, kọ́rẹ́ńtì á ga, gílóòbù àti ṣóòkù á jọ gbóná pọ̀. Kapásítọ̀ tiwa níhìn-ín náà yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ìgbà òun àti gílóòbù ló wà lójú wáyà kan, tó bá kú, iná ò ní tàn dáadáa tàbí kó má tàn rárá. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lórí ti ilé, kó má fi ti ibẹ̀ wo ti ibí.

Oníbèérè_Ọgbà
Ẹ kú làákàyè. Èyí tó ń pọ́n yẹn, mo ti ní kí wọ́n pa á. Iná funfun-aláwọ̀-ewé kan tún wà lẹ́yìn ọgbà, ó ti pẹ́ gan-an, kò kú rí. Ṣé òun dára?

Ọ̀gá_Òpó
Mẹ́kúrì nìyẹn. Òun kì í kú, ó kàn ń rọ bí àgbàlagbà. Iná NEPA tó ń jẹ kò dín kù, ìmọ́lẹ̀ tó ń fún yín ló ti lọ. Àdéhùn Minamata ti fi 2020 ṣe òpin ṣíṣe irú rẹ̀ àti kíkó o wọ̀lú fún iná lásán, nítorí náà ẹ má wá èyí tí ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀.

Arábìnrin_Wáyà
Tí wọ́n bá ń yọ wọn sílẹ̀, mẹ́kúrì wà nínú gbogbo èyí tí a dárúkọ níbí. Ẹ má sọ ọ́ sí ààtàn, ẹ má sì jó o. Tí ọ̀kan bá fọ́ nínú ilé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi bí ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi páálí líle kó èérún, ẹ fi sẹ́lótéèpù tẹ èyí tó kéré, ẹ fi bébà tútù nu ilẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ wọ ike tó ní ìdérí. Ìgbálẹ̀ kọ́, torí ńṣe ló máa tú u ká.

Ọmọ_Wọ́kṣọ́ọ̀bù
Kí ló dé tí wọn ò kúkú ra LED onírù àgbàdo tó ń wọ hódà E40?

Akọ́ṣẹ́_Ṣóòkù
Wọ́n lè rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ìgínáítọ̀ àti ṣóòkù kúrò lójú wáyà, kí iná NEPA lọ tààrà sí hódà, kí wọ́n yọ kapásítọ̀ náà. Ìgínáítọ̀ tí wọ́n bá gbàgbé sínú rẹ̀ á ta fólítì 4,000 lu LED náà lálẹ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n fi máákà kọ ọ́ sínú àpótí pé "kò sí ṣóòkù níbí", torí ẹni tó bá gbé sódíọ̀mù padà síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní rí i tàn.

Oníbèérè_Ọgbà
Ìbéèrè ìkẹyìn. A ní sódíọ̀mù 400W méjì nílé ìkẹ́rù, tuntun ni. Hódà kan náà ni. Ṣé a lè fi wọ́n sí òpó 250W méjì yẹn?

Akọ́ṣẹ́_Ṣóòkù
Rárá. Ṣóòkù ló ń pinnu kọ́rẹ́ńtì, kì í ṣe gílóòbù. 400W tó bá jókòó sórí ṣóòkù 250W á rí ámpù 3 dípò 4.5, kò ní gbóná tó, á máa ṣe yẹ́lò ṣíṣú, ẹ ò ní rí 400W rí. Ìdàkejì rẹ̀ ló burú jù, 250W lórí ṣóòkù 400W: ìpẹ̀kun túùbù á dúdú kíákíá, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú kó sì máa jí bí àwọn méjì tí ẹ ní yìí. Ẹ tọ́jú 400W náà. Gílóòbù 250W méjì ni kí ẹ rà, kí ẹ yẹ inú hódà wò bóyá ó ní ipa dúdú, kí ẹ wọn kapásítọ̀, kí ẹ fi máákà kọ oṣù àti ọdún sí ọrùn gílóòbù kí wọ́n tó gbé e gòkè. Tí owó bá ṣẹ́kù, ìgínáítọ̀ tó ní aago ló kàn.